Ara gíláídà tó ń sán padà: ọ̀dà kọ́ ló jẹ̀bi

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mo ti ń kọ̀wé. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi kan tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú rí gíláídà àtijọ́ kan gbà, èyí tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n fi fáíbà ṣe. Láti Jámánì ni wọ́n ti kó o wá. Funfun ni, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti sán wẹ́wẹ́, pàápàá lórí apá rẹ̀ méjèèjì. A fi sáńpépà gbo ó, a fi bọ́dífílà dí àwọn ojú sísán náà, a sì fọ́n ọ̀dà funfun sí i. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, gbogbo ìlà yẹn tún yọ. Ihò wẹ́wẹ́ bí ojú abẹ́rẹ́ pọ̀ lójú ọ̀dà, àwọn ibòmíì sì wà tí ọ̀dà sá kúrò lójú kan roboto, tí kò fẹ́ dúró. Ṣé ọ̀dà ni kò dára ni, àbí bọ́dífílà? Ẹnì kan nínú wa tiẹ̀ ní kí a kùn ún ní àwọ̀ ewé àti funfun bí àsíá Nàìjíríà, ẹlòmíì ní ọjọ́ kan ni yóò fò.”

Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó. Mo ka lẹ́tà yín, mo sì wo àwọn fọ́tò tí ẹ fi tì í dáadáa. Ìṣòro mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ kó sínú ẹ̀sùn kan: ìlà tó ń sán padà, ihò ojú abẹ́rẹ́, àti ojú roboto tí ọ̀dà ń sá fún. Kò sí èyí tó bá èkejì tan. Bí ẹ bá fi oògùn kan ṣoṣo wo gbogbo wọn, ẹ ó tún ra ọ̀dà, ẹ ó tún fọ́n ọn, ẹ ó sì tún kọ̀wé. Ní ti ìlà, ọ̀dà yín kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bọ́dífílà ní ẹ̀bi tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ gan-an ni pé ẹ bo ohun tó yẹ kí ẹ ṣí kúrò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Jámánì ni gíláídà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi fáíbà ṣe ti fò lọ́dún 1957. Fs 24 Phönix ni wọ́n pè é, Stuttgart ni wọ́n sì ti ṣe é. Lẹ́yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ náà gbilẹ̀. Ọ̀nà tó wá wọ́pọ̀ nílé iṣẹ́ ni pé inú mọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fọ́n gelcoat funfun, ìyẹn résìn aláwọ̀ tó ń di ojú òde ọkọ̀, sínú mọ́ọ̀dù, wọ́n á wá tẹ́ aṣọ fáíbà lé e lórí pẹ̀lú epoxy, irú résìn mìíràn tó máa ń gan tó sì ń le. Nígbà tó bá gan tí wọ́n sì yọ ọ́, gelcoat tó kọ́kọ́ wọlé ni yóò bọ́ sóde. Ìdí nìyí tí funfun tí ẹ ń wò yẹn kò fi jọ ọ̀dà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n fọ́n sórí irin nígbẹ̀yìn. Òun àti fáíbà jọ dìpọ̀ ni. Lára ọ̀pọ̀ gíláídà àtijọ́, irú résìn tí wọ́n ń pè ní polyester ni gelcoat náà. Ó le, ó ń dán, ó ṣeé gbo, ṣùgbọ́n títẹ̀ kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Fáíbà àti epoxy tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní tiwọn máa ń tẹ̀ dáadáa. Bí gíláídà bá wà lókè, ẹni tó dúró nílẹ̀ pàápàá lè rí i bí apá rẹ̀ ṣe ń tẹ̀ sókè.

Ẹ ronú kan àwọn ilé alámọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára káàkiri Èkìtì. Amọ̀ ń wú lásìkò òjò, ó ń sún kì lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, sìmẹ́ǹtì kò lè bá a rìn, ó sì ń sán. Ẹni tó bá fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ dí ojú sísán yẹn tó sì kun ilé náà, ìlà kan náà ni yóò tún rí nígbà tí òjò bá tún rọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí gelcoat yín nìyẹn. Oòrùn ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sun ún, ó ti gbẹ, ó ti di ohun tí kò lè fà. Lókè réré níbi tí gíláídà máa ń gùn dé, òtútù a máa pọ̀ débi tí omi fi ń di yìnyín, lẹ́yìn náà ni yóò sọ̀ kalẹ̀ sínú ooru láàárín àkókò kúkúrú. Gelcoat àti ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í sún kì bákan náà, wọn kì í sì í wú bákan náà. Ibi tí wọ́n bá ti fọ́n gelcoat nípọn jù ló máa ń kọ́kọ́ sán. Bí ẹ ṣe wá fi bọ́dífílà dí ẹnu ìlà náà, ògiri ìlà méjèèjì ṣì wà nísàlẹ̀, wọ́n ṣì ń lọ, wọ́n ṣì ń bọ̀. Ọ̀dà tuntun tẹ́ẹ́rẹ́ kò ní agbára tí yóò fi dì wọ́n mú. Bí ẹ lo ọ̀dà tó wọ́n jù lọ ní Adó, yóò sán ni.

Nítorí náà, gelcoat tó ti sán gbọ́dọ̀ kúrò títí dé ìsàlẹ̀ ìlà náà. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Àwọn tó ń ṣe é nílé iṣẹ́ ń ka wákàtí rẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún fún odindi gíláídà kan. Ṣùgbọ́n n kò mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú kankan tó ń pẹ́. Bí ibì kan bá wà tí kò sán rárá, tí gelcoat ibẹ̀ ṣì dì mọ́ra, kò sí ohun tó ní kí ẹ bọ́ ọ. Ẹ fi í sílẹ̀.

Kí ẹ tó ha ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ ka àwọn ìlà náà, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ìlà wẹ́wẹ́ tó tò lé ara wọn láti iwájú apá lọ sí ẹ̀yìn, tó tàn ká gbogbo ojú apá, ti ogbó ni, ti oòrùn àti títẹ̀ ni. Ìlà tó yọ láti ojú kan tó sì na ẹsẹ̀ káàkiri bí ìràwọ̀, nǹkan ló kọlù ú níbẹ̀. Ìlà tó kóra jọ sí ìdí apá níbi tó ti so mọ́ ara ọkọ̀, tàbí sí igun ihò bíréèkì orí apá, tàbí sí ibi táyà wà, ibẹ̀ ni ẹ ti gbọ́dọ̀ fara balẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni ẹrù ń gbà kọjá. Ẹ mú owó ẹyọ, ẹ máa fi kan ara rẹ̀ jẹ́jẹ́ láti ibi tó dára lọ síbi tí ẹ fura sí. Bí ìró bá ń dún gan-an tó wá di kíkú lójijì, ó ṣeé ṣe kí fáíbà ti yà kúrò lára ara wọn nínú. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀dà mọ́. Àtúnṣe egungun ọkọ̀ ni, aṣọ fáíbà tuntun ni yóò sì gbà, ní ìpele àti ní ìhà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é là sílẹ̀. Kò sí fílà kankan tó lè rọ́pò rẹ̀.

Fífọ̀ ló ṣáájú sáńpépà. Mo fẹ́ tẹnu mọ́ èyí, torí òun ló fa àwọn ojú roboto tí ọ̀dà yín sá fún. Àwọn tó ni gíláídà tẹ́lẹ̀ a máa fi wáàsì pa á lára kí oòrùn má bàa jẹ ẹ́, òmíràn nínú wáàsì náà sì ní silicone, ohun kan tó ń yọ̀ tí ọ̀dà kì í lè dì mọ́. Bí ẹ bá gbé sáńpépà lé e láì tíì fọ̀ ọ́, ńṣe ni ẹ ń ti wáàsì náà wọ inú ojú ìlà àti inú ihò. Ọ̀dà tó bá bọ́ sórí silicone yóò sá sẹ́yìn, yóò fi ojú kan sílẹ̀ lófìfo. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá mú aṣọ funfun mímọ́ tí ẹ ti fi oje amúwáàsì-kúrò rin, kí ẹ fi nù ún, kí aṣọ gbígbẹ kejì sì tẹ̀lé e kí oje náà tó gbẹ. Ẹ máa pààrọ̀ aṣọ léraléra; aṣọ tó ti dọ̀tí ń pín wáàsì káàkiri ni. Bó bá jẹ́ ọgbà àwọn tó ń fọ́n ọ̀dà ọkọ̀ ni ẹ ti ṣiṣẹ́ yìí, ẹ wò ó bóyá àwọn kan ń fi òróró pa táyà tàbí dáṣíbọ́ọ̀dù nítòsí. Afẹ́fẹ́ lásán lè gbé e dé ara iṣẹ́ yín. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ náà lè máa pọ òróró: ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ sórí bébà funfun fún ìgbà díẹ̀, ẹ wò ó bóyá àbàwọ́n yóò yọ. Nígbà tí irú ojú bẹ́ẹ̀ bá sì yọ lára ọ̀dà tútù, ẹ má ṣe fọ́n ọ̀dà mìíràn lé e pé kó lè bò ó. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ gbo ó, ẹ tún un nù, kí ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀.

Ní ti bíbọ́ gelcoat, sáńpépà 80 lórí pákó gígùn ni mo fọwọ́ sí (bí nọ́ńbà sáńpépà bá ṣe kéré tó ló ṣe ń ha tó). Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé gíráńdà lé e. Àwọ̀ fáíbà orí apá gíláídà kò nípọn, gíráńdà á sì ti jẹ wọ inú rẹ̀ kí ojú yín tó rí i. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ń bọ́ ọ̀dà lára irin kò gbọ́dọ̀ kàn án, torí ó lè jẹ résìn náà. Iná ńkọ́? Rárá o. Bí ẹ ti ń gbo ó, funfun yóò máa fẹ́lẹ́, àwọ̀ fáíbà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lábẹ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti sọ ọwọ́ di fífúyẹ́, kí ẹ gba 120 tàbí 180. Bí ẹ bá rí i pé okùn fáíbà ti ń já, ẹ ti kọjá ààlà. Láti mọ̀ bóyá ìlà ṣì kù, ẹ fi yíǹkì dúdú pa ojú ibẹ̀, ẹ sì nù ún kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìlà tó bá ṣì jìn yóò mu yíǹkì, ẹ ó sì rí i kedere. Ẹ gbo yíǹkì náà kúrò pátá kí ẹ tó dí i. Ẹ má sì fi omi gbo ibi tí ìlà ti ṣí sílẹ̀ tàbí ibi tí fáíbà ti hàn síta, torí omi yóò wọlé, yóò sì jókòó síbẹ̀.

Ẹ ó wá dí àwọn ibi tó jìn. Bọ́dífílà tí ẹ lò, ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, polyester tí wọ́n fi ìyẹ̀fun lúbúlúbú pò ni. Ó dára lórí irin, ṣùgbọ́n kì í di epoxy mú bó ṣe yẹ, ó wúwo, ó sì máa ń fa omi mu. Epoxy tí wọ́n pò pọ̀ mọ́ microballoon ni mo fẹ́ kí ẹ lò, ìyẹ̀fun kan tó fúyẹ́ gan-an nítorí pé òfìfo ni inú ègé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n résìn àti háádínà, ìyẹn oje tó ń mú un gan, tí ilé iṣẹ́ kọ sára agolo ni kí ẹ tẹ̀ lé, kí ẹ sì fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Fífi háádínà kún un ju ìwọ̀n yẹn lọ kì í jẹ́ kí epoxy tètè gan. Rírọ̀ ló máa ń sọ ọ́ dà. Lásìkò òjò, nígbà tí ọ̀rinrin pọ̀ ní Ìkọ̀lé, ohun kan lè yọ sórí epoxy tó ti gan, tí yóò máa yọ̀ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Omi lásán ni kí ẹ fi fọ ìyẹn kúrò kí sáńpépà tó kàn án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí ẹ bá fọ́n lé e yóò ṣí. Ẹ má sì jẹ́ kí fílà le ju ohun tó yí i ká lọ. Sáńpépà máa ń jẹ ibi tó rọ̀, á sì fi ibi tó le sílẹ̀ bí òkìtì, ẹ ó wá rí i lẹ́yìn ọ̀dà pé gbogbo ojú ibi tí ẹ dí ló ń yọrí.

Ihò ojú abẹ́rẹ́ ló máa ń tán àwọn ènìyàn ní sùúrù jù lọ. Afẹ́fẹ́ tó há sínú fílà tàbí gelcoat ni orísun rẹ̀. Nígbà tí sáńpépà bá gé orí ìhó kékeré náà, ihò náà á ṣí sílẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí ènìyàn máa fọ́n píráímà, ọ̀dà ìpìlẹ̀, lé e léraléra pé yóò kún. Kò lè kún. Ọ̀dà á kàn fi ara rẹ̀ ṣe ìbòrí tẹ́ẹ́rẹ́ lé ẹnu ihò náà, afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú. Oòrùn á ràn, afẹ́fẹ́ náà á wú, á ti ìbòrí yẹn síta, ihò á tún ṣí. Ńṣe ni kí ẹ fi ọwọ́ tẹ fílà wọlé. Ẹ mú fílà tó rọ̀ díẹ̀, kí ẹ fi abẹ tàbí rọ́bà pẹlẹbẹ fà á kọjá lórí ihò láti ìhà kan, kí ẹ tún fà á láti ìhà kejì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ gan-an, kí ẹ sì ha èyí tó bá ṣẹ́kù lójú kúrò. Ẹ jẹ́ kó gan, ẹ gbo ó, ẹ tún un ṣe. Kí ẹ máa rò ó jẹ́jẹ́ nígbà tí ẹ bá ń pò ó, kí ẹ má lù ú, torí lílù ló ń kó afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀. Àkókò tí ẹ bá ṣe é náà ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá ṣe é lówùúrọ̀ tí oòrùn ń gun òkè, ara apá náà á máa gbóná, afẹ́fẹ́ inú ihò á máa jáde bí ẹ ti ń dí i. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, lábẹ́ ibòòji, nígbà tí ara rẹ̀ ti ń tutù, afẹ́fẹ́ inú á máa sún kì, á sì fa fílà wọlé fúnra rẹ̀. Ìṣòro tiwa níbí ni pé ìrì àti ọ̀rinrin a máa tètè dé lálẹ́, nítorí náà ẹ ṣe é ní nǹkan bí aago mẹ́rin, kó má di aago méje.

Lẹ́yìn èyí, píráímà. Bó bá ti gbẹ, ẹ fọ́n ọ̀dà dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i, kó kàn ta wíńníwíńní káàkiri, kí ẹ wá fi pákó gígùn pẹ̀lú 320 gbo ó ní ìdábùú, lọ́tùn-ún lósì. Ibi tí dúdú bá kù sí ni kòtò wà; ibi tó bá kọ́kọ́ funfun ni òkìtì. Ìka ọwọ́ kì í gbo nǹkan tẹ́jú, ó ń gbẹ́ kòtò wẹ́wẹ́ ni. Ẹ ó ṣàkíyèsí pé ibì kan rì díẹ̀ láti ìdí apá lọ sí ṣóńṣó rẹ̀. Igi àgbékọ́ inú apá ló wà níbẹ̀, résìn tó pọ̀ níbẹ̀ ló sì ti sún kì láti ọdún wọ̀nyí wá. Àwọn tó ń fò nínú ìdíje a máa lé e títí ìyàtọ̀ tó kù kò fi ní ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ, torí pé afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ṣàn lórí apá náà láì dàrú. Bó bá jẹ́ pé wíwò ni ẹ fẹ́ lò ó fún, ẹ má fi àkókò yín ṣòfò lórí ìyẹn.

Kí ni kí ẹ wá fi parí rẹ̀? Ẹ lè fọ́n gelcoat tuntun, ẹ sì lè fọ́n ọ̀dà oníháádínà ti polyurethane. Gelcoat nípọn, ó ṣeé gbo títí yóò fi dán, ẹ sì lè tún ojú kan ṣe lọ́jọ́ iwájú láì hàn. Ṣùgbọ́n ó wúwo jù, gbígbo rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀, ọdún á sì tún dé tí yóò sán. Polyurethane fẹ́lẹ́, ó fúyẹ́, ó ń tẹ̀ ju gelcoat lọ, ó sì ń fara da oòrùn. Àléébù rẹ̀ ni pé gbogbo ihò àti ìlà sáńpépà tí ẹ bá fi sílẹ̀ ló máa fi hàn. Fún ẹ̀yin, polyurethane funfun ni mo máa mú. Èéfín rẹ̀ léwu púpọ̀ o. Isocyanate wà nínú háádínà rẹ̀, ó lè fi ikọ́ fée tí kì í lọ mọ́ sí ènìyàn lára, ìbòmú aṣọ lásán kò sì dá a dúró. Ẹ gbé iṣẹ́ fífọ́n yẹn fún ẹni tó ní ìbòjú tí ń fa afẹ́fẹ́ mímọ́ láti ìta. Bó bá sì jẹ́ gelcoat ni ẹ yàn, háádínà MEKP ni yóò gbà, láàárín ìdá 1 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá ta sí ojú, ó lè fọ́ ọ. Ẹ kò gbọ́dọ̀ da òun àti cobalt, oje tí wọ́n fi ń mú polyester tètè gan, pọ̀ tààrà láéláé, torí iná ló máa ń dá. Àsìkò ọyẹ́ gbẹ dáadáa fún ọ̀dà, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ pọ̀. Bí ẹ kò bá ní ibi tí ẹ lè fi táńpólì bò pátápátá, ẹ dúró kí ọyẹ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ewé: ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ tó ṣókùnkùn ń mu ooru, epoxy tí wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ gíláídà àtijọ́ sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí ara rẹ̀ bá ti gbóná kọjá nǹkan bí 54°C. Ìdí tí gbogbo wọn fi funfun nìyẹn. Oòrùn oṣù Kejì ní Èkìtì á mú àwọ̀ ewé kọjá ibẹ̀ láì ṣe wàhálà. Bí ẹ bá fẹ́ àsíá, ẹ yà á ní kékeré sí ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀.

Ẹni tó ní yóò fò, mo bọ̀wọ̀ fún ìfẹ́ ọkàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Onífáíbà ni mí, n kò ní ìwé àṣẹ láti fọwọ́ sí ọkọ̀ òfuurufú kankan. Láti ìgbà tí ẹ ti fi bọ́dífílà àti ọ̀dà kún apá náà ni ìwọ̀n rẹ̀ ti yí padà. Àwọn ewé tó ń yí lẹ́yìn apá àti ní ìrù, tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀, ni wọ́n ń wọ̀n lọ́tọ̀ lẹ́yìn ọ̀dà, nítorí pé bí ẹ̀yìn wọn bá wúwo ju ohun tí ìwé ọkọ̀ náà gbà láyè, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lójú afẹ́fẹ́, kí wọ́n sì já láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹnjiníà tí NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, fún ní ìwé àṣẹ nìkan ló lè sọ pé kó fò tàbí kó má fò. Títí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò fi ṣí i wò, ohun ìkẹ́kọ̀ọ́ ni kí ẹ pè é, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sínú rẹ̀ kí wọ́n fi ọkọ̀ fà á.

Fọ́tò kan wà nínú èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ tí ọkàn mi kò balẹ̀ sí, ti ìdí apá ọ̀tún. Mo rí ìlà bí ìràwọ̀ níbẹ̀, bọ́dífílà sì ti bò ó ní ìdajì. Fọ́tò kò lè sọ fún mi bóyá gelcoat nìkan ló sán tàbí fáíbà abẹ́ rẹ̀ náà. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bọ́. Ẹ fi owó ẹyọ kàn án yí ká, ẹ fi yíǹkì pa á, kí ẹ tún ya fọ́tò mìíràn ní ojú mọmọ. Ẹ má dí i títí ẹ ó fi gbọ́ èsì.